Àwọn Ọkùnrin Tó Kọ Pélé Bíi Ti Zàíd

Ràyhànátù ọmọ mi,

Salaamu alaikum. Ṣé ara le ní Kumasi? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé dàrú mọ́ ọ lórí. Èmi ṣì wà láàyè lábúlé. Iṣu ti ta, ewúrẹ́ ìyá yín bí méjì, ọ̀kan kú.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Jímọ̀h aládùúgbò wa. Mo kí ọ, mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o kàn ń sọ tìrẹ lọ. Mo forí jì ọ́ nítorí wàhálà Zàíd àbúrò rẹ.

O ní wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ Gifty tó ń tajà ní Suame Magazine, Gifty ní ẹni tó kọ pélé sójú ni olè náà, ni wọ́n bá mú Zàíd ní ṣọ́ọ̀bù fítà rẹ̀ tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Lọ́yà tí ẹ gbà fún un wá ní kí wọ́n to àwọn mìíràn tó kọ pélé mọ́ ọn, kí Gifty wá olè náà láàárín wọn, àti pé ọlọ́pàá tó máa dúró ti Gifty kò gbọdọ̀ mọ èwo ni Zàíd. Irú ọlọ́pàá wo nìyẹn? Ẹ júwe Zàíd fún un kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú ń ṣe. Lẹ́yìn tí a sin ìyá yín, mo rí i lọ́jà Ejura, ó ń ṣa alùbọ́sà. Mo bi Jímọ̀h pé ṣé ìyá Ràyhànátù kọ́ nìyẹn. Àánú mi ṣe é, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ló bá dá mi lójú. Mo fa obìnrin náà láṣọ. Ó yíjú, obìnrin Dagomba kan ni, kò tilẹ̀ jọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí n búra kó tó yíjú, ǹ bá fi Kùránì búra, n kò sì ní purọ́. Gifty náà kò ní purọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má júwe Zàíd fún ọlọ́pàá yẹn mọ́. Bí orí ọlọ́pàá náà bá mì díẹ̀ lójú Gifty, ó parí. Fareedah tó ń bá mi kọ̀wé fẹ́ pa ohun tí mo kọ́kọ́ sọ rẹ́, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mo ti rí ọkùnrin márùn-ún tó kọ pélé. Táhírù ń bínú pé ta ló ní ojú òun jọ ti olè. Wọ́n fẹ́ wọ agbádá, mo ní aṣọ fítà ni. O ní wọn kò fẹ́ arúgbó, àmọ́ èmi náà kọ pélé, mo sì ti pa irùngbọ̀n mi láró. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi ti oúnjẹ kún un, Táhírù kì í fi ebi dúró.

Ọlọ́run tó dá ojú kọ̀ọ̀kan yóò mọ ti Zàíd lọ́jọ́ náà. Bí Gifty bá nàka sí mi, kí lọ́yà má jiyàn. Kò sí ẹni tó ń retí mi nílé.

Èmi bàbá yín,
Àbdùssàlàm