Eruku Inú Ṣọ́ọ̀bù Yín

Bàbá mi tí mi ò yé pè,

Bọ̀dá Múfú kú láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá. Bí àwọn tó ti lọ bá ń ríra lọ́hùn-ún, ẹ ti rí wọn kí n tó mú bírò. Ṣùgbọ́n mo mọ Bọ̀dá Múfú, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọn ò ní sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín. Wọ́n á ní dáadáa la wà, wọ́n á wá ibi kan jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n á sì dákẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi di dandan kí èmi sọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Malu Road níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn tírélà sì ti gba gbogbo iwájú wa. Bí wọ́n bá ń kọjá, gọ́ọ̀mù inú agolo á máa mì, èèyàn ò sì ní lè fa ìlà tó gún. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ti tú ká. Òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ń bá wọn já ẹrù ní èbúté. Bọ̀dá Múfú nìkan ni kò lọ, bí ẹni pé ẹ ní kí wọ́n dúró dè yín. Àwọn ló kọ́ mi ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ̀ láti kọ́ mi. Ẹ ní kí n lọ kàwé, pé ọwọ́ obìnrin kò yẹ lára ayùn. Mo kà á, Bàbá. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rin gbogbo ọ́fíìsì Àpápá láti Liverpool Road dé ẹnu ibodè èbúté, kò sẹ́ni tó gbà mí. Orí bẹ́ńṣì yín ni mo padà sí. N kò bínú sí yín. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí mo wà ni.

Ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Snake Island ló fa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní kí á bá òun ṣe inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó èrò. Kò sí èyí tó gún nínú ohun tó fẹ́: ẹ̀yìn àga tó tẹ̀ bí ìhà èèyàn, ojú fèrèsé tí igun rẹ̀ yí roboto. Ẹ mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí tó bá jẹ́ ayùn ọwọ́. Ìgbà tá a bá fi máa gé tán, ọkọ̀ náà á ti gbàgbé omi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ ra jígísọ̀ tuntun, ayùn oníná tó ń gé ìlà tó tẹ̀, tó wà nínú páálí rẹ̀, àti ẹ̀rọ kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, tó ń fa eruku bí ẹni ń fa ọbẹ̀.

Ó wù mí kẹ́ ẹ rí Bọ̀dá Múfú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n di ẹ̀rọ náà mú bí ẹni di ọrùn ejò mú.

"Ọmọ Ọ̀gá," wọ́n ní, "ṣé kò ní já mi jẹ?"

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá. Ẹ má fipá tì í. Á máa lọ fúnra rẹ̀."

Wọ́n ṣe Bísímíláì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Abẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí eyín òkété, ó sì ń tọ ìlà tí mo fi pẹ́ńsù fà, ó yí níbi tí ìlà ti yí, títí tí pákó fi já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n pa á. Wọ́n fi ìka tọ ẹnu ibi tí wọ́n gé, wọ́n tún tọ̀ ọ́, wọ́n wá wò mí.

"Ọmọ Ọ̀gá, bàbá rẹ ìbá rí èyí! Gbogbo èjìká tí mo ti fi bọ́ ayùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn di ikọ́, wọ́n sì di bẹ́ńṣì mú títí ó fi lọ. A ò kà á sí. Ta ló ń ka ikọ́ sí nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà? Ikọ́ tiyín ló máa ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tá a bá ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé, a mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ẹ ti bọ́ọ́jú, ẹ sì ń wá fìlà yín. Màámi á gbé àdí dé, wọ́n á fi pa yín láyà, ẹ ó máa bú wọn pé òórùn rẹ̀ á lé àwọn oníbàárà.

Bàbá, eruku ayùn ọwọ́ wúwo bíi gààrí, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń bọ́ sí. Ti ẹ̀rọ yìí kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n jọ̀ léra, ojú afẹ́fẹ́ ló ń gbé. Lẹ́yìn tá a bá ti ṣíwọ́, a ṣì máa ń rí i nínú ìtànṣán oòrùn tó ń gba ihò páànù wọlé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fà á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lágbára àwọn méjèèjì. Tá a bá tan èyí tó ń fa eruku, jígísọ̀ á máa kérora, abẹ rẹ̀ á há sínú pákó, ojú ibẹ̀ á jó dúdú. Bọ̀dá Múfú á nawọ́, wọ́n á pa ẹ̀rọ eruku náà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́."

"Kí n wá fi kí ni gé pákó? Eyín ẹnu mi?"

Mo ra ìbomú fún wọn. Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Wọ́n ní imú kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún àwọn ni mo fẹ́ dí. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí iṣẹ́ ọkọ̀ náà fi parí.

Ọjọ́ tá a lọ tò ó ni inú mi dùn kẹ́yìn. A kó gbogbo pákó náà sínú ọkọ̀ ojú omi, a sọdá sí Snake Island. Pákó kọ̀ọ̀kan wọlé sáyè rẹ̀ láìfi òòlù lù ú. Ọkùnrin Ìlàjẹ náà jókòó sórí àga kan, ó dìde, ó bọ́ sórí òmíràn bí ọmọdé.

"Bàbá, you try! Ẹ try gan-an! Ọkọ̀ tó kù, ẹ̀yin náà ni."

Nígbà tá a ń padà bọ̀, Bọ̀dá Múfú ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n ń jẹ́ kó ṣàn gba àárín ìka wọn. Mo rò pé ìdùnnú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìgbà tá a gúnlẹ̀ ni mo tó rí i pé èémí ni wọn ò ní. Wọn ò lè gun àkàsọ̀ kúkurú tó wà létí omi. Ọmọ ọlọ́kọ̀ kan ló fà wọ́n sókè.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀, wọ́n á dúró níwájú ẹni tó ń ta bàtà òkìrìkà, wọ́n á mú ẹsẹ̀ kan, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dá a padà. Wọ́n á tún dúró níwájú ẹni tó ń pààrọ̀ táyà. Ojúlé sí ojúlé, bí ẹni ń wo ọjà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé mímí ni wọ́n dúró mí. Èmi àti Ìyá Rùkáyá, ìyàwó wọn, la fà wọ́n dé ọsibítù.

"Who be Mufutau?" ni nọ́ọ̀sì kígbe. "Baba, come enter."

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin tí mo lè jù lọ́jọ́ orí. Ó gbé àwòrán àyà wọn sójú iná. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti le, pé eruku pákó tó ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí ti dá egbò sí i, egbò náà sì ti jinná ní líle, kò lè fẹ̀ mọ́. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Kí wọ́n kúrò nídìí pákó ló kù.

Ó wá bi mí bóyá ẹlòmíràn ti ní irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ní bàbá mi. Mo ní òtútù àyà ni. Ó bi mí bí ikọ́ náà ṣe ń ṣe, mo ṣàlàyé: bó ṣe gbẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó sùn nígbẹ̀yìn, bí èékánná yín ṣe wú roboto lórí.

"Mà, n kò rí wọn, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé nǹkan kan náà ni."

Nítorí náà, Bàbá, kì í ṣe òtútù. Gbogbo àdí yẹn, gbogbo àgbo tẹ́ ẹ mu pẹ̀lú ojú kíkorò, gbogbo ààwẹ̀ tí Màámi gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó ni. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, tẹ́ ẹ máa ń gbé sí imú gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. Ṣé ara fu yín rí? Ṣé ìdí tẹ́ ẹ fi lé mi kúrò nídìí bẹ́ńṣì nìyẹn, tẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ obìnrin bò ó? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn títí.

Mo lọ sọ fún Màámi. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, Màámi gbà pé ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó wà nílé ló fi ikọ́ náà ṣe yín. Wọn ò kí ara wọn mọ́, Màámi ò sì jẹ́ kí àwa ọmọ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Mo rò pé tí wọ́n bá gbọ́ ohun tí dókítà sọ, wọ́n á fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀wà ni Màámi ń ṣà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Eruku? Eruku tó bọ́ ẹ, tó rán ẹ níléèwé? Má sọ bẹ́ẹ̀ létí mi mọ́ láé."

Mo bá wọn ṣa ẹ̀wà náà tán, mo lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ti darúgbó, Bàbá. Wọ́n á kú lọ́dún kan ṣá, pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ tá a fún wọn.

Bọ̀dá Múfú ò kúrò nídìí pákó. Ọjọ́ kejì ọsibítù, mo bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn.

"Bọ̀dá, kí ni dókítà sọ?"

"Ó sọ ohun tó sọ. Ṣé òun ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ mìíràn ni? Irú ọjọ́ orí mi yìí, kí n lọ máa gbé búrẹ́dì sáré tẹ̀lé mọ́tò?"

Mo gba jígísọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó síta níbi tí eruku ò sí, kí wọ́n máa wò mí. Wọ́n jókòó. Tírélà tó wà lójú ọ̀nà ń tu èéfín díísù sí wọn lójú. Mo dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, mò ń wo inú, mò ń wo ìta, n kò rí ibi tí mo lè gbé wọn sí.

Ọkùnrin Ìlàjẹ náà kò padà wá. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n má bínú, pé fáíbà tó dà bí ike ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ báyìí, ó ń bá kọ̀ǹténà wọlé ní ṣíṣe tán. Àga ilé náà ń bá kọ̀ǹténà wọlé, tábìlì náà, ilẹ̀kùn náà. Bóòtù ni wọ́n kàn ń fi ń dè é mọ́ra. Kò sí ohun tí jígísọ̀ fẹ́ gé níbẹ̀.

Kí Bọ̀dá Múfú tó kú, wọ́n ti kéré. Ìyá Rùkáyá ló ń gbé wọn jókòó, tó ń gbé wọn sùn. Ní àárọ̀ Jímọ̀ náà, àwọn ará ilé wọn ránṣẹ́ sí mi pé ó ti parí, pé lẹ́yìn ìrun ni wọ́n máa sin wọ́n, pé pákó tí wọ́n ń tò sínú sàréè ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Mo yan èyí tó gún jù nínú ohun tó kù wá. Mo gé wọn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fá wọn kí ara wọn lè dán. Àbúrò wọn tó wá gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sístà, ẹ má wulẹ̀ fá a. Inú ilẹ̀ ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

Mo fá ojú kan, mo yí i padà, mo fá ojú kejì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gba gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ̀gún igi kankan má kù. Ó dúró dè mí.

Ẹ̀yìn ni àwa obìnrin dúró sí níbi ìsìnkú. Mo rí ààfáà tó ń gba àwọn pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n lé Bọ̀dá Múfú lórí, tí wọ́n wá ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e.

Èmi náà ti ń húkọ́, Bàbá, láàárọ̀. N kò tíì sọ fún Màámi. Bí mo bá kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tà, kí ni kí n lọ máa ṣe? Bí n kò bá kó wọn tà, ta ni mò ń bá ṣiṣẹ́? Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí, mo gbálẹ̀, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó yà wọlé. Mo sì tún máa ṣí i lọ́la, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti mọ̀ mí.

Ẹ bá mi tọ́jú Bọ̀dá Múfú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín,
tó jókòó sórí bẹ́ńṣì yín.