Ọ̀rọ̀ Òdòdó Tí O Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Èmi wà pa, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi ṣe àríyànjiyàn, mo sì ti jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí kí o tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Àmín.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù náà ń gbààwẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú lọ́jọ́ Ajé pé àyè ti kún nínú òun. Mo wò ó, mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, èmi ni mò ń fi iná bọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó sanra. Mo yọ ọ́ lára iná, mo fi ebi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta kí inú rẹ̀ lè fúyẹ́. Ní báyìí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kò sọ pé òun kún mọ́, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, ìwé ló yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òdòdó rẹ ni.

Nígbà tí ibi iṣẹ́ rẹ gbé ọ lọ sí yàrá tí kò ní fèrèsé, tí o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, mo gbà tayọ̀tayọ̀. Awakọ̀ gbé e dé ní ìjókòó iwájú, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà, èèyàn mẹ́rin sì há mọ́ra wọn lẹ́yìn. Mo bi í pé ta ló sanwó ìjókòó fún ewé, ó ní ìwọ ni, pé o tiẹ̀ ní kí òun má sáré. Mo ní ọmọ mi nìyẹn, kò sí àní-àní.

Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán bíi bàtà ọlọ́pàá. Mo rí ìwé tí o lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ọmọ mi, gbogbo owó ilé ìwé tí mo san yẹn, o ò wá fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀, o ò fi sábẹ́ rẹ̀. Bí o ṣe kọ ọ́ rèé: “O feran omi, sugbon ma je ki ese re wa ninu omi. Maa fi owo kan ile re laraaro. Bi ile ba ti gbe, fun un lomi.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ọmọ yìí mà fẹ́ràn mi o, ó rántí pé òtútù kì í jẹ́ kí orúnkún mi gbádùn, ìyẹn ló ṣe ní kí n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wà nínú omi. Láti ọjọ́ náà, bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún ni mo ń wọ̀ kí n tó bomi rin ín, ìbáà jẹ́ ife omi kan péré. Ti owó ló rú mi lójú díẹ̀. Kí n máa fi owó kan ilé rẹ̀ láràárọ̀! Mo rò ó títí, mo ní ilé òdòdó ò lè ju ìkòkò lọ, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mà á mú owó kan nínú àpò ṣòkòtò, mà á fi kan ìkòkò lápá ọ̀tún, mà á fi kàn án lápá òsì, mà á dá a padà sápò. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe fún un, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe nínú ara èmi náà, mo sáà ń gbà á.

Ohun tó já mi láyà ni ìdí ìkòkò. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀! Mo ní wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà, ojú mi kò lè rí ohun tó ń jò kí ọwọ́ mi dákẹ́. Mo po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, mo dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ṣíbí dán an. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo lọ pe nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ilé kejì kó wá fojú rí i, àṣé ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ níbi tó jìnnà. Ká ní ó wà nílé ni, lẹ́tà yìí ì bá má gùn tó báyìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ìsàlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní omi ló ń fẹ́, mo fi kún un. Ìkejì pọ́n, mo tún fi kún un. Omi ń wò mí láti ojú ìkòkò bí ìgbà tí èèyàn bá yọjú sí kànga. Kí oṣù tó parí, gbogbo rẹ̀ ti rọ, ó wó, ó rà, ó ku ilẹ̀ lásán.

Mi ò ní tàn ọ́, mo sunkún. Kì í ṣe pé mi ò dá òdòdó náà mọ̀. Mo dá a mọ̀ láti ọjọ́ tí awakọ̀ ti gbé e dé. Ìyá rẹ ló gbin ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi òrùlé ń ro sí. Lọ́dún tó fi wá sílẹ̀, mi ò lè máa wo ohun tó ń hù nígbà tí ẹni tó gbìn ín ò sí mọ́, mo wá ń pariwo pé ẹ̀yìnkùlé ò mọ́, mo da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀. Mo rí ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. O fi ọ̀bẹ hú gbòǹgbò kan, o fi sínú agolo mílíìkì, o gbé e pamọ́ sínú báàgì rẹ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí ọ, ìwọ náà ò sọ nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tó kú lọ́wọ́ mi, ìgbà kejì tí mo pa á nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí kò yẹ àgbà. Mo ń gbé ìkòkò wọlé kí aládùúgbò má baà rí i, ó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ìdí rẹ̀ là, sìmẹ́ǹtì mi já dànù. Mi ò tiẹ̀ ní ọkàn láti tún un dí. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo mú òdòdó oníke tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rì í mọ́ ilẹ̀ inú ìkòkò, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Èsì rẹ ló dá mi lóró jù. O ò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Orí kékeré mẹ́ta ló wọlé, gbogbo wọn pupa rúsúrúsú bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, wọ́n la ẹnu gbàgà, omi ń bọ́ lójú wọn pòròpòrò. Mo ní háà, ọmọ mi ń sunkún ayọ̀ nítorí ike.

O wá ń pè ní ojoojúmọ́ pé ṣé mo ti bomi rin ín. Mi ò fẹ́ to irọ́ lé irọ́. Ni mo bá ń bomi rin òdòdó oníke náà lóòótọ́, láràárọ̀, nínú bàtà rọ́bà mi, pé bí òdòdó ò bá tiẹ̀ sí, kí òdodo díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Omi á gba inú ilẹ̀ kọjá, á jò sínú abọ́, mà á dà á nù.

Oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ó wá yá àkàbà, ó sì bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, pé àgbàlagbà wọ bàtà òjò láàárín pálọ̀ tó ń fún ike lómi. Mo jẹ́wọ́ fún un, mo mú ìwé rẹ fún un kà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ẹsẹ̀ òdòdó lo sọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ó ní ọwọ́ ni, kì í ṣe owó, ilẹ̀ sì ni, kì í ṣe ilé, pé ìka ni kí n tì bọ ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ó ní ihò ìdí ìkòkò kì í ṣe jìbìtì, ibẹ̀ ni omi tó bá pọ̀jù ń gbà jáde, pé òdòdó yìí fẹ́ ilẹ̀ tútù, kò ní kí ẹnikẹ́ni ri òun lómi. Mo ní ó ti tán náà, ó ti kú. Ó fa ike yọ, ó fi ìka tú ilẹ̀, ó ní kí n lọ mú awò ojú mi wá.

Ọmọ mi, nǹkan méjì ló yọrí, funfun, ṣóńṣó, kò ju èékánná lọ! Ó ní irú rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀, pé bí òkè rẹ̀ bá lọ, gbòǹgbò á sinmi nísàlẹ̀, á tún hù, pé àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún láìjẹ́ pé bíríkìlà yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ní ká ní mo ti pa omi tì ni, gbòǹgbò ì bá ti gbẹ. Irọ́ mi ló gbà á là, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ ọ́ di àṣà.

Ó ní ìkòkò ti kéré jù fún un, kí n wá ibi tí omi ń ro sí, tí oòrùn ọ̀sán kì í mú jù. Kò síbòmíràn nínú ilé yìí ju ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Mo lọ dúró síbẹ̀, mo wo kọnkéré mi. Iṣẹ́ gidi ni, kò sán láti ọjọ́ yìí wá. Mo mú òòlù àti irin, mo fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni, nítorí ọwọ́ tó dà á kì í ṣe ọwọ́ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù, bí ẹni pé ó ti ń retí èèyàn. Mo po ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ ọn, mo gbìn ín, mi ò rì í jìn, mo fi koríko gbígbẹ bò ó kí oòrùn má fa omi rẹ̀. Ó ti di igi márùn-ún báyìí, èyí tó ga jù ti dé ìbàdí mi. Nọ́ọ̀sì ti ní ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ ni òun máa mú lọ.

Mo fẹ́ kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún rọ́bà omi gígùn, nítorí korobá ti ń wúwo fún mi. Jọ̀wọ́, fi rán awakọ̀, má fi gba ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ó kọ gàdàgbà sójú pé PIN. Mo ní kí n pín kí ni, kí n pín in fún ta ni? Mo bojú wẹ̀yìn, èèyàn mẹ́fà ló tò. Mo ní bí mo bá pín in fún gbogbo àwọn wọ̀nyí, kí ni yóò kù fún mi? Mo fa káàdì mi yọ, mo gba ilé lọ.

Èyí tó ga jù ti tanná lánàá, pupa fòò. Mi ò ní yà á ní fọ́tò. Mo mọ̀ pé èmi àti ìwọ ò sọ̀rọ̀ kọnkéré yẹn rí. Mo ti gbé àga méjì sẹ́yìn ilé ìdáná, wá jókòó sórí ọ̀kan ká sọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ máa tutù fún ọ, kí ohun tí wọ́n bá rò pé ó ti tán lọ́wọ́ rẹ padà rúwé, kí o dàgbà, kí o dàgbà jù mí lọ. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.