Ọwọ́ Tó Wẹ Àlàó: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alhaja Wòsílátù Àbẹ̀kẹ́ Abdulsalam (1963–2025)

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Edvards Àlàó, tí Alhaja Wòsílátù tọ́ ní Sharjah, tẹ ẹbí láago láti Amẹ́ríkà. Ó ní òun ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òun síṣẹ́, kí òun lè wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù níbi àdúrà ogójì ọjọ́ ní Al Warqa, Dubai, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí. Ẹgbẹ́ náà kò tíì dá a lóhùn. Àdéhùn tí ó bá wọn ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n lè fagi lé kí ìdíje ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, eré ìmúrasílẹ̀ wọn sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àdúrà náà gan-an. Kí ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn lè mọ ohun tí ìdáhùn yẹn jẹ́ fún wa, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá wa ti ṣẹ̀ wá.

Wọ́n bí Alhaja Wòsílátù ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé, ọdún 1963, ní agboolé Oníkòkò, ìlú Ìwó. Bàbá wọn ni olóògbé Alfa Mùráínà Ọlájíre, aránṣọ tó ń rán jalabíà fún àwọn alfa ìlú. Ìyá wọn ni olóògbé Rẹ̀mílẹ́kún, ẹni tí gbogbo agboolé ń gbé ọmọ tuntun tọ̀ lọ fún ìwẹ̀. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí ojúgun rẹ̀. Á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí nà án ní apá, nà án ní itan. Á gbé e ní ọwọ́ kan, á gbé e ní ẹsẹ̀ kan. Níkẹyìn, á jù ú sókè, á sì hán an. Ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni Alhaja ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi gbé ayé wọn.

Wọ́n ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó láti ọdún 1969 sí 1975, wọ́n sì ké kéú lọ́dọ̀ bàbá wọn títí wọ́n fi ṣe wòlímà. Ní ọdún 1990 ni wọ́n fẹ́ olóògbé Alhaji Abdulsalam, awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn láti Ìwó. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin méjì ta wọ́n lọ́rẹ: Khàdíjàt ní ọdún 1994, Sìlífátù ní ọdún 1999. Alhaji jáde láyé ní ọdún 2002. Ní oṣù Bélú ọdún 2003, Alhaja fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n sì wá sí Sharjah láti máa tún ilé alájà ńlá kan ṣe. Ọdún méjì ni wọ́n dágbére fún Khàdíjàt. Ó di ọdún méjìlélógún.

Nínú ilé náà ni Gunars, ará orílẹ̀-èdè Latvia, ń gbé pẹ̀lú Ilze ìyàwó rẹ̀. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan ní Sharjah. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti pè é wá sí ibùdó ìmúrasílẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kó máa lọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù kó tó dé ilẹ̀ Lárúbáwá. Bàtà tí wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà ṣì wà nínú páálí ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbá eruku kúrò lórí páálí náà àfi òun fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Ẹ̀rẹnà ọdún 2004, Ilze bí Edvards. Kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí, ó sì bẹ Alhaja kí wọ́n wá máa bá òun wẹ ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Alhaja wẹ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ ní agboolé Oníkòkò. Nígbà tí Ilze fi máa yọjú sí ilé ìwẹ̀, òfuurufú ló ti rí ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ pa á ni?”

Alhaja hán ọmọ. “Màdáámù, ọmọ tí a kò bá jù, àyà rẹ̀ á máa já títí ayé ni. Èyí tí a kò bá sì nà, kò ní ga.”

“Bàbá rẹ̀ ga ju mítà méjì lọ. Ta ló na òun?”

 Ilze ní kí Alhaja máa lọ ilé wọn.

Ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oorun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Gunars fúnra rẹ̀ lọ sí yàrá tí Alhaja àti àwọn obìnrin mìíràn jùmọ̀ ń gbé. Ó tẹ orí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn ará yàrá rò pé ọlọ́pàá ni, olúkálùkù ń tú àpò wá káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Gunars ní kí Alhaja jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá.

“N ó wá,” ni Alhaja dáhùn, “ṣùgbọ́n ìyàwó yín ò gbọdọ̀ wọ ilé ìwẹ̀ títí n ó fi ṣe tán.”

Bí wọ́n ṣe di alágbàtọ́ nínú ilé Gunars nìyẹn. Wọ́n fún ọmọ náà ní oríkì Àlàó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé òun ló ń jẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ gan-an.

Ní ìparí ọdún 2008, Alhaja ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ sí Ìwó fún wòlímà Khàdíjàt. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ilze bí ọmọbìnrin, Liga, láìpé oṣù, ara ọmọ náà kò sì yá rárá. Alhaja dúró. Ìyá àgbà ló dúró ti Khàdíjàt ní ọjọ́ wòlímà. Nígbà tí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Khàdíjàt, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sọ ọ̀rọ̀ kan tí Alhaja kò gbàgbé títí dọ́jọ́ ikú: “Màámi, ọmọ òyìnbó lẹ bí. Èmi lẹ kàn gbà tọ́.”

Gunars kó ìdílé rẹ̀ padà sí Latvia ní ọdún 2012. Alhaja ṣí lọ sí Al Qusais ní Dubai, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní Al Warqa. Wọ́n ṣe Hájì ní ọdún 2014. Ní Al Qusais, àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin Yorùbá. Láti Al Muteena títí dé Sharjah, kò sí Yorùbá tó bímọ, Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, tí wọn kò ní pe Alhaja. Wọ́n á wọ inú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kún dẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Yalla, ó yá, ẹ gbé omi wá, ẹ gbé àpò yín kúrò nílẹ̀.” Bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín, “Khalas, ó parí, ó di ọ̀la.” Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ kan ní Spain gba Edvards nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà yan orúkọ rẹ̀. Àṣà wọn ni kí wọ́n yan ọ̀dọ́ ará Yúróòpù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbó dáadáa. Ẹgbẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Edvards ṣàlàyé fún Alhaja lórí fóònù, kò yé wọn. Ó tún un sọ.

“Ó yé mi wàyí,” ni Alhaja wí. “Wọ́n ti san ìdána ẹ, o ò tíì re ilé ọkọ.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màámi.”

“Ṣèbí o ṣì wà nílé bàbá ẹ. Jẹun dáadáa. Ọkọ tó bá ti náwó kò ní gbàgbé ọ̀nà.”

Ní oṣù Agẹmọ ọdún yìí, ọkọ rántí ọ̀nà: ẹgbẹ́ náà ní kí Edvards máa bọ̀. Oṣù yẹn kan náà ni Khàdíjàt bímọ ní Ìwó. Edvards fẹ́ kí Alhaja wá wo eré òun àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Alhaja kọ̀. Wọ́n ní ìwẹ̀ ọmọ Khàdíjàt ṣáájú, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà fún ọjọ́ kẹwàá oṣù Ògún. Ní ọjọ́ keje, àìsàn ọkàn dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn ní Dubai.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, Edvards yà wò wọ́n bí ó ṣe ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Khàdíjàt ní ìwẹ̀ ọmọ lórí fídíò fóònù. Ohùn Alhaja ti rẹlẹ̀, wọ́n ń fa omi sí wọn ní apá. Khàdíjàt ti na ọmọ tán, ṣùgbọ́n kò lè jù ú.

“Màámi, bó bá bọ́ ńkọ́?”

“Kò ní bọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ò sì sí níbí.”

Edvards gba fóònù, ó gbé e ti ìgò omi. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni Khàdíjàt kọ́kọ́ rí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí,” ló sọ ní Yorùbá. Ó fa ìrọ̀rí kan yọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ sí ojúgun rẹ̀, ó nà án sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, ó gbé e ní igun kan, ó gbé e ní igun kejì, ó jù ú sókè, ó sì hán an. Nọ́ọ̀sì tó wọlé ní kò sáyè bọ́ọ̀lù gbígbá nínú wọ́ọ̀dù.

“Ọwọ́ ẹ ga jù,” ni Alhaja wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Àjà ilé Khàdíjàt ò ga tóyẹn.”

Khàdíjàt kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló kọ́ ẹ?”

“Màámi ni. Nígbà tí wọ́n ń wẹ Liga, èmi ni mo máa ń di táwẹ́ẹ̀lì mú.”

Khàdíjàt mọ ọdún tí ó ń sọ.  Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó jù ú sókè, ó sì hán an. Ọmọ náà la ojú rẹ̀ méjèèjì, kò ké. “Tún un ṣe, àbúrò mi,” ni Khàdíjàt wí, “kí n tún wò ó.” Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Alhaja Wòsílátù dákẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Ògún, ọdún 2025, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Wọ́n sin wọ́n sí ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí ní Al Qusais ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì.

Nígbà tí a ń múra ìwé yìí, Alhaji Làtífù Mùráínà, àbúrò olóògbé, tí àdúrà yóò wáyé ní ilé wọn ní Al Warqa, sọ pé orúkọ òyìnbó kò yẹ láàárín orúkọ ọmọ. Khàdíjàt, tó ti gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Dubai, dá wọn lóhùn: “Bọ̀dá Làtífù, ẹ má bínú. Ẹni tó gba iṣẹ́ ìyá mi tó sì fi jẹ́ mi, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Àlejò?” Alhaji Làtífù ní kí a kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ tí Alhaja fi sáyé lọ ni Khàdíjàt, Sìlífátù, Edvards Àlàó àti Liga. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Fàwáz, Adétutù, àti Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ìkókó Khàdíjàt tí wọ́n sọ ní orúkọ ìyá Alhaja. Àbúrò wọn ni Alhaji Làtífù. Àwọn ọmọ tí wọ́n wẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Gunars kìlọ̀ fún Edvards lórí fóònù pé bí ó bá kúrò ní ibùdó, wọ́n lè ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe òun. Khàdíjàt náà tẹ̀ ẹ́ láago: “Àlàó, dúró sẹ́nu iṣẹ́ ẹ. Màámi ò ní fẹ́ kí wọ́n torí àwọn lé ẹ.” Edvards ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n torí èmi àti Liga pa wòlímà yín jẹ. Mo ti béèrè ná.”  Khàdíjàt lọ sí Deira, ó ra ẹní tí àwọn ọmọ olóògbé yóò jókòó lé níwájú àwọn alfa. Èyí tó gùn jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló mú.

Alhaja Wòsílátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ ti wẹ tọmọ yín tọmọ ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́run fi omi àánú wẹ̀ yín, kó tẹ́ yín síbi tó rọ̀, kó má ṣe jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ sùn un re o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀wàrà, tí a gbé ìwé yìí lọ fún atẹ̀wé, ẹgbẹ́ náà kò tíì fèsì.