Bọ́ọ̀sì Ìrọ̀lẹ́ Ni Kó Kọ́kọ́ Dé, Kí Ọmọ Tó Tẹ̀lé E

Ilé Kẹtàdínlógún,
Okumine.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe Tanigawa, Hinokura àti Okumine,
Gbọ̀ngàn Ìlú, Tanigawa.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN BỌ́Ọ̀SÌ ÌRỌ̀LẸ́ LÁTI TANIGAWA DÉ OKUMINE

Èmi ni Chihaya Nozue, ìyàwó Tatsuhei. Oṣù keje rèé tí a ti Osaka dé, nígbà tí ẹ kéde pé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti parapọ̀ láti wá ọ̀dọ́, kí ilé yéé ṣófo, kí wọ́n má sì ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Tanigawa fún ọkọ mi níṣẹ́ gẹdú lílà, Okumine fún wa nílé, Hinokura ní ilé ìwòsàn wọn ń dúró dè wá. Mi ò kàwé púpọ̀, ojú sì máa ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Màmá Kinue tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa fún mi ní èso kíkan tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́. Mo jẹ mẹ́ta, torí ó dùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ ọ́ sí etí pátákó ìkéde tó ń lọ láti ilé dé ilé: "Ìyàwó tuntun ti ń jẹ nǹkan kíkan o!" Nígbà tí pátákó náà fi padà dọ́dọ̀ mi, èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ti tẹ èdìdì orúkọ wọn sí i pé àwọn ti gbọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ku mẹ́rin, wá tẹrí ba fún ikùn mi. Hinokura fi ọ̀já ìpọnmọ kan ránṣẹ́. Nígbà tí Okumine gbọ́, wọ́n gbé méjì wá.

Ẹ̀yin náà ṣèpàdé lórí ìlú tí ẹ ó kọ orúkọ ọmọ náà sí. Ọkọ mi nawọ́ níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ẹ dá a lóhùn pé, "Tatsuhei, ìwọ ṣáà jẹ́ kí ọmọ dé ná, a ó wá sọ ti bọ́ọ̀sì." Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí ọmọ kankan. Ojú ń tì mí láti sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Aago márùn-ún ni ọkọ mi ń ṣíwọ́. Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń kúrò ní Tanigawa, ibi afárá ààlà ló sì ti ń padà, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ mi ń sùn ní yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń fẹsẹ̀ gun òkè láti ibi afárá wálé, á sì sùn lọ ti òun ti ìrẹsì lẹ́nu. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà á kan ilẹ̀kùn: "Tatsu, o ti jí? Ẹ̀yìn ń dun àwa arúgbó, jáde wá bá wa ro etí ọ̀nà." Òun nìkan ni ọ̀dọ́kùnrin tó wà.

Màmá Kinue bi mí lánàá pé kí ló dé tí ikùn mi ò yọ. Mo wo etí ọ̀nà tó mọ́ tónítóní.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí bọ́ọ̀sì kan kúrò ní Tanigawa ní aago márùn-ún ààbọ̀ lójoojúmọ́, kó kọjá afárá, kó sì dé Okumine. Ẹ tún bá wa bẹ àwọn àgbà, kí koríko sinmi ní ọjọ́ Àìkú méjì lóṣù. Ọkọ mi ní bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tí bọ́ọ̀sì ò tíì dé, a ó padà sí Osaka. Èmi ò fẹ́ lọ. Mo ti gbin àlùbọ́sà, Màmá Kinue sì ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa èso mọ́.

Mi ò lè ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nílé, mi ò sì tíì dá ìkankan padà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dópin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi lẹ́tà yìí sórí pátákó ìkéde.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Chihaya Nozue (Ìyáàfin),
Ìyàwó tuntun kan ṣoṣo ní Okumine.