Ọmọ Màlúù Tí Mo Fi Jẹ́ Ẹ̀jẹ́ Nítorí Yín

Ẹ kú ilé o, ìyá mi ní Làsúnwọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹ̀pẹ́ níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ. Ṣé ara ti ń mókun?

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Àwọn ará ilé ọkọ mi tó sá kúrò l'Ékòó nígbà ogun ń sọ̀rọ̀ Èkó ṣáá, bí ẹni pé ọ̀la ni wọ́n máa padà. Kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tiwa.

Nígbà tí mo gbọ́ pé àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbé yín dìde, ọmọ màlúù mi kan ṣoṣo ni màá fi ṣọdún Iléyá. Àfi bí àwọn apẹja ilé wa ṣe sá àwọ̀n ìpẹja sára ọgbà ẹran. Iyọ̀ wà lára àwọ̀n náà, ẹran sì gbé e mì tòun ti òjé tí wọ́n so mọ́ etí rẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú, kò jẹun mọ́. Fúlàní kan tó ń da màlúù bọ̀ láti Ẹjìnrìn tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kò sóògùn tó lè yọ ọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí òun là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá, kí òun fa àwọ̀n jáde, kí òun sì rán an padà.

Bàbá ọkọ mi kọ̀. Wọ́n ní ẹran ẹ̀jẹ́ kì í ní àpá lára. Mo sunkún, mo ní ẹ̀jẹ́ èmi ni. Wọ́n ní kí ni obìnrin mọ̀, àfi kí àwọn bi àáfà. Àáfà sì ti wọ ọkọ̀ lọ sí òkè odò. Inú bí mi débi pé n ò lè gbé oúnjẹ síwájú wọn. Nígbà tí àáfà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹ̀mí ẹran ló ṣáájú, pé Ọlọ́run kò ní kí a wo ẹran títí yóò fi kú. Ojú ẹran ti jìn sínú nígbà náà.

Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Fúlàní náà là á, ó fa àwọ̀n jáde, ó ń rùn, ó sì fi òwú rán inú, ó rán awọ. Ẹran dìde, ó mu omi, mo dúpẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó kú. Òkú ẹran ni, ẹnikẹ́ni ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nílé wa o, ẹran kú.

Àwọn ará ilé ní Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, torí láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi bóyá ẹ ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jà Ẹjìnrìn, kí ó mú ohùn yín wá fún mi.

Ọlọ́run á dá yín sí, á sì ṣọ́ gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí wọn.

Èmi ni, ọmọ yín, tí kò mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà láyé tí wọ́n máa ka ìwé yìí fún.