Àwọ̀ Ewé Orí Gíláàsì Màmá

                                        Òpópónà Àjílósùn,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Adéyẹyè, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni Ìbàdàn? Olúwatóyìn ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san? Ṣé àwọn ọmọ ń gbádùn? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ láti ìgbà tí o ti gbọ́ pé Màmá rẹ kò lè ka Bíbélì parí ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìjan, tí wọ́n sì padà lọ jókòó. O ní wàá gbé ọkọ̀ wá kó wọn lọ sí Ìbàdàn ní ìparí oṣù, nítorí ojú wọn ti ń lọ. Jọ̀ọ́, ka lẹ́tà yìí tán ná.

Màmá wá bá mi níbi iṣẹ́ awò ojú mi lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò tilẹ̀ ṣàwàdà bí ìṣe wọn. Mo yẹ ojú wọn wò fínnífínní, mo fi gíláàsì àyẹ̀wò mi sí i, mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà ara ògiri. Wọ́n kà á dé ìlà tó kéré jù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ni tíṣà: wọ́n ní pátákó mi wọ́. Kò sí ohun tó ṣe ojú wọn.

Ìgbà náà ni mo gbé awò ojú tiwọn sábẹ́ iná. Ó ti họ káàkiri, bí ògiri tí ọ̀dà ń ṣí lára rẹ̀. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

"Ìwọ Dùnmínínú yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ìfọǹkan ni? Epo kan tó ń dán bí ewé wà lórí ẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti fún mi. Eérú ni mo fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Epo burúkú yẹn ò lọ bọ̀rọ̀!"

Adéyẹyè, ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe epo. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan gíláàsì lásán, díẹ̀ máa ń ta padà, bó ṣe máa ń ta lára fèrèsé ọkọ̀ tí a kì í fi í rí ẹni tó wà nínú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi awọ kan bo gíláàsì, awọ tó fẹ́lẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lójú awọ náà àti èyí tó ta padà lábẹ́ rẹ̀ á pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló ń dán bí ewé. Nígbà tí eérú họ ọ́ dànù, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn Màmá wá ń kọ mọ̀nà lára gíláàsì bí wọ́n ṣe ń kàwé, ojú ìwé sì di kùrukùru.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ̀ ni kò sọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n nu ojú. Wọ́n ní láti oṣù kan ni àwọn ti ń dágbére fún ilé àwọn nínú ọkàn. Wọ́n tilẹ̀ ti kó adìẹ wọn fún aládùúgbò.

Mo ṣe gíláàsì mìíràn, mo sì ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ lójú mi: omi, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ múlọ́múlọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gba Ìjan lọ. Fèrèsé yẹn kan náà ló wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ka Bíbélì délẹ̀ láìkọsẹ̀, wọ́n wá gbójú sókè wò mí bí ìgbà tí tíṣà ń wo ọmọ tó pẹ́ dé.

Bá mi kí Olúwatóyìn àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí o ṣì gbé ọkọ̀ náà wá o: iṣu ni yóò kó lọ, àwọn ò kúrò nínú ulé àwọn. Wọ́n ti gba adìẹ wọn padà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Dùnmínínú