Ẹni Tó Wọlé Láìsí Páásíwọ́ọ̀dù

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Ilé Ìwòsàn Aláboyún,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àbígbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú igbe? Èmi náà wà láàyè, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń ṣe aṣọ́nà láàárín kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa àti ìta. Òṣìṣẹ́ tó bá wà nílé tó fẹ́ wo fáìlì aláìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Á bèèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, á wá kọ orúkọ onítọ̀hún ránṣẹ́ sínú pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣé bí ará ìta bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kan sára ohun tó fi ránṣẹ́, aṣọ́nà wa ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́! Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ká tún un ṣe. Mo ka ìwé ọ̀hún. Mo ní tó bá dọ̀la. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń wo àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé, ni mo bá rí orúkọ Mátíróònù wa lẹ́ẹ̀mẹrin. Bẹ́ẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ni Mátíróònù wà látàárọ̀. Mo lọ dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ wo fáìlì aránṣọ tó lóyún yẹn?"

"Èmi? Ìbọ̀wọ́ ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi látàárọ̀. Fáìlì ta lo pè é?"

Nígbà tí mo tún un sọ, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wá fóònù wọn. Fáìlì kan ṣoṣo tí ẹni náà ṣí nìyẹn. Aránṣọ yìí sá fún ọkọ tó ṣẹ́ ẹ lápá, àdírẹ́sì ibi tó sá sí sì wà nínú fáìlì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ ọ̀hún ń ṣe, bíi tèmi.

Mo fa wáyà aṣọ́nà náà yọ. Gbogbo ọ́fíìsì ń pariwo pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Mátíróònù ń pe aránṣọ náà. Fóònù ń dún, kò gbé e. Wọ́n tún pè. Ìgbà kẹrin ló tó gbé e: ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kò jẹ́ kó gbọ́.

"Ọmọ mi, má mú nǹkan kan," Mátíróònù wí. "Gba ẹ̀yìnkùlé jáde báyìí."

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ pàdé rẹ̀ lójú títì kejì. Àwọn ará ilé tó sá sí ní kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn tó jáde tí ọkùnrin kan fi dé, tó ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, tó ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kí ọlọ́pàá tó dé, ó ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tún aṣọ́nà náà ṣe. Gbogbo iṣẹ́ náà ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Mo ti jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Wọn ò tíì rí ọkùnrin náà mú. Ẹni tó bá ti dúró pẹ́ lẹ́nu géètì, màá yọjú wò ó lójú fèrèsé.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì gbé àbígbẹ̀yìn mọ́ra fún mi. Lánàá, aránṣọ náà ránṣẹ́ láti ibi tó wà, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tó tètè rí i. Kò mọ̀ pé ẹni yẹn náà ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.